Nígbà Tí Ilẹ̀ Bá Tètè Ṣú: Olódùmarè, Ikin àti Ìgbà Òtútù ní Lọ́ńdọ̀nù

  

Láti oṣù kọkànlá ni ìbéèrè kan náà ti ń tọ̀ mí wá láti ẹnu oríṣiríṣi ènìyàn. Ẹnì kan sọ pé òun kò lè kí Ifá òun ní òwúrọ̀ mọ́, nítorí òun kò mọ èwo ni òwúrọ̀. Ẹlòmíràn ní òun ń jí, òun ń jókòó síwájú ojúbọ, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tilẹ̀ bi mí tààrà pé, "Bàbá, ṣé Olódùmarè ń gbé ibí yìí nígbà òtútù?" Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ìbéèrè náà kò sì jẹ́ tuntun létí mi. Mo fẹ́ dáhùn rẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, kì í ṣe bí ẹni tí ó kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn rẹ ènìyàn lẹ́kún.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wà nílé kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ní Ìbàdàn, bí ẹ bá fi ọjọ́ tí ó gùn jù lọ nínú ọdún wé èyí tí ó kúrú jù lọ, ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ àárín wọn kò tó wákàtí kan. Ìdí nìyí tí àwọn baba wa fi lè sọ pé kí a jí kí Ifá ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí kò sì sí ẹni tí yóò béèrè pé aago mélòó ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, aago mẹ́jọ òwúrọ̀ á ti kọjá kí oòrùn tó yọ, yóò sì ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ náà kò pé wákàtí 8. Ní oṣù kẹfà, ìmọ́lẹ̀ ìlú kan náà á ju wákàtí 16 lọ, débi pé ọmọdé á sun, oòrùn kò ní tíì sùn. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, gbogbo ìlú á yí aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, láti ọjọ́ náà lọ ni ìrọ̀lẹ́ yóò ti máa já lu ènìyàn bí aṣọ tí okùn rẹ̀ já. Bí oòrùn bá tilẹ̀ yọ, ẹ̀gbẹ́ òrùlé ni ó ń gbà kọjá bí ẹni tí ó jẹ gbèsè ládùúgbò. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ilé tí kò ní fèrèsé lè lo ọjọ́ méje láìfojú kan án. A mọ ọyẹ́ ní ilé wa. Ọyẹ́ ń la ètè, ó ń gbé eruku, ó ń mú ara gbẹ, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán rẹ̀ kò ní ṣàì ta. Òtútù tibí kì í ṣe ọyẹ́.

Ohun kan wà nínú èdè wa tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí ó sì máa ń dùn mí pẹ̀lú. Nínú gbogbo àdúrà wa, ìtútù ni à ń tọrọ. A ń ní kí ilé tutù, kí ọ̀nà tutù, kí inú tutù. A ń da omi tútù sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ẹnu wa lè rọlẹ̀. Omi inú ìgbín ni a fi ń wá ẹ̀rọ̀. Láti ilẹ̀ tí oòrùn ti ń jó àtẹ́lẹsẹ̀ ni èdè yìí ti wá, kò sì yani lẹ́nu pé òjìji àti omi ni ó fi ń júwe ìbùkún. Nígbà tí irú èdè bẹ́ẹ̀ bá wá dé ibi tí omi tí a dà sí ẹnu ọ̀nà lálẹ́ ti di yìnyín kí ilẹ̀ tó mọ́, àdúrà á fẹ́ kọ́ni lẹ́nu. Mo mọ arákùnrin kan tí ó yọ̀ ṣubú lórí omi ìjúbà ara rẹ̀. (Kò fara pa. Ó wulẹ̀ pè mí lórí fóònù, ó ń bínú bí ẹni pé èmi ni mo sọ omi di yìnyín.)

Ṣùgbọ́n ìtútù kọ́ ni òtútù. Òtútù ń mú ènìyàn ni, kò sì sí ẹni tí ó ń gbàdúrà pé kí òtútù mú òun. Ẹ̀rọ̀ ni à ń wá, ẹ̀rọ̀ sì ni ohun tí ó bá mú kí ara rọni, kí ọkàn ẹni balẹ̀, kí èjìká tí ó ti ká sókè lè sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ń bọ orí fún ẹnikẹ́ni nínú oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní, mo máa ń jẹ́ kí omi náà lọ́wọ́ọ́wọ́. Àwọn awo kan kò gbà fún mi lórí èyí. Wọ́n ní omi àfòwúrọ̀pọn ni a bá lọ́wọ́ àwọn àgbà, omi àfòwúrọ̀pọn kì í sì í gbóná. Mo gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí eyín rẹ̀ ń lu ara wọn pẹ̀pẹ̀ kò lè gbọ́ ìwúre tí à ń wú lé e lórí, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti rí i tí ojú ènìyàn yí padà nígbà tí omi tí ó ń bẹ̀rù kò mú un. Ẹlòmíràn a máa sọ fún mi pé yìnyín tí ó bo ìgboro jẹ́ àlà Ọbàtálá, pé ìbùkún ni. Ọ̀rọ̀ náà dára létí, n kò bá a jà, ṣùgbọ́n n kì í sọ ọ́ fún ẹni tí ó ń dúró de bọ́ọ̀sì ní aago márùn-ún ìdájí. Kì í ṣe gbogbo ohun funfun ni ó ń jẹ́ àlà.

Òkùnkùn ni ó kù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ti gbà pé ìmọ́lẹ̀ ni ti Ọlọ́run, òkùnkùn sì ni ti ọ̀tá, tí ó fi jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọkàn wọn á ti máa wá ẹni tí ó ń dọdẹ wọn. Ẹ̀sìn wa kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Inú òkùnkùn ni oyún wà. Abẹ́ ebè ni iṣu ti ń ta. Igbá Odù, dídé ni a ń dé e, a kì í ṣí i sílẹ̀ fún oòrùn. Ẹni tí a bá tẹ̀ ní Ifá mọ̀ pé kì í ṣe ojúmọmọ ni gbogbo ohun tí ó gbà níbẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, mo sì fi èyí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èmi fúnra mi, òkùnkùn ni mo ti kọ́ Ifá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní abúlé kan ní Òkè-Ògùn. Àwa ọmọ awo mẹ́fà ni a wà níbẹ̀. Ti oko ni ọ̀sán, ti Ifá ni alẹ́. Epo fìtílà wọ́n, ọ̀gá mi sì jẹ́ ẹni tí kì í fi ohun kankan ṣòfò, nítorí náà bí a bá ti jẹun tán, tí ó ti fi odù tí a ó kọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà hàn wá lórí ọ̀pẹ̀lẹ̀, yóò pa iná. Òun á ki ẹsẹ náà ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, àwa á gbà á lẹ́nu rẹ̀. A kì í rí i. Aáṣà rẹ̀ ni à ń gbóòórùn, àti ìró àga rẹ̀ nígbà tí ó bá ń fara tì. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fo gbólóhùn kan, yóò hún lọ́fun, gbogbo wa á sì dákẹ́ títí olúwarẹ̀ yóò fi padà lọ mú un. Ní àwọn alẹ́ mìíràn, yóò dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ tí àwa á máa ki Ifá lọ, a kò sì ní mọ̀ bóyá oorun ti gbé e lọ. Èyí tí ó kéré jù nínú wa kò lè fara dà á. Yóò pè é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "Bàbá?" Ohùn rẹ̀ á sì wá láti inú òkùnkùn náà: "Mo wà níbí. Ẹ máa bá a lọ."

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Bí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa wíwà Ọlọ́run lọ́dọ̀ ẹni, tí wọ́n ń sọ ti ìmọ́lẹ̀ tí ń tàn àti ojú tí ń dán, mo máa ń tẹ́tí sí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi mọ̀ ni ti ẹni tí a kò rí, tí ó mọ gbólóhùn tí a fò.

Nínú oṣù kìíní ọdún kẹta tí mo lò níhìn-ín ni ìròyìn dé pé ọ̀gá mi ti wọ káà ilẹ̀. Ó ti dàgbà, ikú rẹ̀ kì í ṣe ikú òjijì, a sì mọ̀ pé kò ní pẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé tí ó lè jẹ́ kí n jáde ní ìlú yìí kí n sì tún padà wọlé kò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Àwọn ọmọ awo márùn-ún tí a jọ kọ́ṣẹ́, mẹ́ta nínú wọn ṣì wà láyé nígbà náà, àwọn ni wọ́n ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún un. Wọ́n gbé fóònù sí tòsí kí n lè gbọ́ ìyẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ mi, ilẹ̀ ti ṣú pátápátá. Mo gbọ́ wọn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Mo pè títí, kò wọlé mọ́.

Odù tí ọkàn mi lọ bá ní alẹ́ ọjọ́ náà ni Ìwòrì Méjì. Ẹ̀yin awo mọ ìtàn tí mo ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rò ó ní ṣókí fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ mẹ́jọ ni Ọ̀rúnmìlà bí, ìjòyè ńlá sì ni gbogbo wọn dà. Nígbà tí ó ń ṣọdún, ó ránṣẹ́ pè wọ́n, wọ́n wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kí baba wọn bí a ti í kí awo. Ọlọ́wọ̀, àbíkẹ́yìn wọn, ni ó dé tí kò kí i. Ó ro ó pé irú aṣọ tí baba òun wọ̀ ni òun náà wọ̀, irú ohun tí ó mú lọ́wọ́ ni òun náà mú, adé sì wà lórí àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ náà dun Ọ̀rúnmìlà. Ó fi ayé sílẹ̀, ó lọ sí ọ̀run lẹ́bàá ọ̀pẹ agùnká tí ó ní orí mẹ́rìndínlógún. Láti ìgbà náà ni nǹkan ti dàrú: aboyún kò bí mọ́, àgàn kò rí ọmọ, aláìsàn kò dìde, ewé bo odò kéékèèké mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ lọ bá a lẹ́sẹ̀ ọ̀pẹ náà, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó padà sílé. Kò gbà. Dípò rẹ̀, ó ní kí wọ́n na ọwọ́ wọn, ó kó ikin mẹ́rìndínlógún lé wọn lọ́wọ́, ó ní ohunkóhun tí wọn ìbá ti bi òun, kí wọ́n máa bi ikin.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ìtàn yìí láti fi kìlọ̀ fún ọmọ tí kò bọ̀wọ̀ fún òbí, òótọ́ sì ni pé ìkìlọ̀ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti bá mi ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ibi tí a sábà máa ń fò: bàbá náà kò padà wá. Ẹkún wọn kò mú un sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá Olódùmarè nínú òkùnkùn, tí ó sì ń retí pé kí ohun tí ó ti lọ padà wá sí àyè rẹ̀, kí oòrùn ràn bí ó ti ń ràn nígbà tí ó wà lọ́mọdé, kí òkú ṣí ilẹ̀kùn wọlé, irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò pẹ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀pẹ. Ohun tí a fún àwọn ọmọ náà kéré lójú. Èkùrọ́ ni. Bí a bá kó o pamọ́ sínú àpò, èkùrọ́ ni yóò máa jẹ́. Ìgbà tí a bá kó o sọ́wọ́, tí a pa á, tí a sì fi ojú sílẹ̀ wo ohun tí ó kù, ìgbà náà ni baba tó ń fọhùn.

Mo gbé ikin mi jáde, àwọn tí ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ kà sí mi lọ́wọ́. Wọ́n tutù bí òkúta odò. Epo pupa tí mo fẹ́ fi pa wọ́n lára ti dì gbagidi nínú ìgò, mo ní láti gbé e sórí híítà kí ó tó yọ́. Mo pa wọ́n lépo lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dì wọ́n mú láàárín àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì, mo sì ń ki àwọn ẹsẹ tí ó kọ́kọ́ kọ́ wa, bí mo ti rántí wọn. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n lọ́wọ́ọ́wọ́. Ooru ara mi ni, mo mọ̀, kò sí iṣẹ́ ìyanu kankan nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ẹni tí kò bá tíì di ikin mú títí yóò fi gba ooru ara rẹ̀ kò ní mọ bí ó ti ń rí. N kò dá Ifá ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kò sí ohun tí mo fẹ́ bi í. Mo kàn jókòó tì wọ́n.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ní àárín òtútù, nọ́ọ̀sì kan wá bá mi, ẹni tí mo máa ń pè ní Ìyá Ìbejì. (Ó gbà mí láyè láti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì ti yọ ohun tí ó lè tọ́ka sí i kúrò.) Iṣẹ́ alẹ́ ni ó ń ṣe. Òkùnkùn ni ó ń bá jáde, òkùnkùn ni ó ń bá wọlé, ó sì ń sun ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ tán. Ó ní oúnjẹ kò dùn lẹ́nu òun mọ́, ẹkún ń bọ́ lójú òun nínú bọ́ọ̀sì láìnídìí, àwọn ọmọ òun sì ti ń rọra sọ̀rọ̀ bí òun bá wọ yàrá. Ẹnì kan tí ń pe ara rẹ̀ ní awo ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní aráalé rẹ̀ kan ni ó di ìràwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ti gba owó ẹbọ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìkẹta ni ó ń wá owó rẹ̀ kiri kí ó tó wá bá mi.

Ó jókòó, kò tilẹ̀ bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi o. Ṣé àwọn òrìṣà ń kọjá òkun?"

Mo ní, "Ìyá Ìbejì, fi ọwọ́ kan ikin, kí a gbọ́ ohun tí Ifá yóò wí."

Ọ̀yẹ̀kú Méjì ni ó jáde. Ó mọ díẹ̀ nínú odù, bàbá rẹ̀ àgbà ń bọ Ifá, mo sì rí i bí ojú rẹ̀ ti yí. Àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù orúkọ yìí nítorí wọ́n ń gbọ́ ikú nínú rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé Ọ̀yẹ̀kú ni a ń fi òru pè, bí a ti ń fi Èjì Ogbè pe ọ̀sán. Mo ní kí ó sún mọ́ ọpọ́n, kí ó wo bí mo ti tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin tí kì í ṣe awo, bí a ti ń ṣe é nìyí. A ó kó ikin mẹ́rìndínlógún sí ọwọ́ òsì, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá wọn mú lẹ́ẹ̀kan. Bí méjì bá ṣẹ́ kù sí ọwọ́ òsì, a ó tẹ ẹyọ kan sínú ìyẹ̀rẹ̀òsùn. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, méjì ni a ó tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni a ó ṣe bẹ́ẹ̀ kí odù kan tó pé. Ọ̀yẹ̀kú Méjì ni èyí tí gbogbo ìlà rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jẹ́ méjì-méjì. Ìyẹn ni pé ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ tí mo pa ikin, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ń kù sí mi lọ́wọ́, ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ náà sì ni a kò gbà mí láyè láti tẹ ẹyọ kan. Ojú ń rí ọ̀kan, ìka ń tẹ méjì. Mo sọ fún un pé odù òru ni èyí lóòótọ́, pé kò sí odù mìíràn tí ó fi ẹni tí ó ku òun nìkan hàn tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tí ó kọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí ó nìkan wà. Kì í ṣe ọ̀gá mi ni ó kọ́ mi ní èyí, èrò ara mi ni, bí awo kan bá sì ní ohun tí ó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sọ ọ́. Obìnrin náà wo ọpọ́n títí. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ kóòtù rẹ̀.

Ní ti ìbéèrè rẹ̀ nípa òkun, ìdáhùn wà nínú Ògúndá Méjì, níbi tí a ti béèrè lọ́wọ́ àwọn òrìṣà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé ta ni ó lè bá olùfọkànsìn rẹ̀ rìn ìrìn àjò jíjìn rékọjá òkun láìpadà lẹ́yìn rẹ̀. Olúkúlùkù wọn sọ pé òun lè ṣe é, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ìlú wọn, tí a fún wọn ní oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn, wọ́n gbà pé àwọn á padà sílé. Orí nìkan ni kì í padà. N kò fi ìtàn yìí ṣáájú nígbà tí mo ń bá a sọ̀rọ̀, ìdí rẹ̀ sì ni pé orí rẹ̀ gan-an ni ó ti rẹ̀. Bí a bá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé orí rẹ̀ nìkan ni ó bá a wá, ó lè gbọ́ ọ bí ẹni pé a tún gbé ẹrù mìíràn lé e. Ó ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé orí náà, láti ọ̀dọ̀ Olódùmarè ni ó ti gbà á wá, pé kì í ṣe òun ni ó dá a fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a bọ ọ́, pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti obì tí mo ti lọ rà ní Peckham ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Mo rántí àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Cuba àti Brazil, tí wọn kò bá igbó wọn níbẹ̀, tí wọn kò bá odò wọn. Títí di òní ni àwọn babaláwo ní Havana ń péjọ nígbà tí ọdún bá ń yí, ní 31 oṣù kejìlá, láti dá Ifá ọdún tuntun. Ẹni tí ó bá ń béèrè bóyá Ifá ń kọjá òkun, kí ó bi wọ́n.

Mo sì sọ fún un pé kí ó lọ rí dókítà rẹ̀. Lórí èyí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ láìfi bò, nítorí owó ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa. Kì í ṣe gbogbo ìbànújẹ́ tí ó bá dé nínú oṣù kejìlá ni ó ní ọ̀tá nídìí. Àwọn oníṣègùn ti mọ̀ láti ọdún 1984, nígbà tí Norman Rosenthal àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, pé àárẹ̀ ọkàn kan wà tí ó máa ń bá ìgbà òtútù wá nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá dínkù, tí ó sì máa ń lọ bí ìmọ́lẹ̀ bá padà dé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìmọ̀ràn tí a ń fún gbogbo ènìyàn ni pé kí wọ́n ronú nípa lílo fítámínì D tí ó jẹ́ 10 micrograms lójoojúmọ́ nígbà òtútù, kí àwa tí àwọ̀ wa dúdú sì ronú nípa lílo rẹ̀ jálẹ̀ ọdún. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ènìyàn ń sunkún nínú bọ́ọ̀sì, tí ó kàn ń ka owó ẹbọ fún un láìbéèrè ìgbà tí ó rí oòrùn gbẹ̀yìn, kò ṣe iṣẹ́ awo. Ọ̀rúnmìlà àti Ọ̀sanyìn jọ ń gbé ni, a kò sì gbọ́ pé ọ̀kan lé aláìsàn kúrò lọ́dọ̀ èkejì.

Ẹbọ tí Ifá ní kí ó rú, oúnjẹ ni. Mo ní kí ó se ẹ̀wà fún àwọn ìbejì rẹ̀ bí a ti ń ṣe nílé, kí ó sì pe ọmọdé ilé wọn gbogbo wá jẹ ẹ́. Ó ní òun kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Fúláàtì mẹ́rìnlélógún ni ó wà níbẹ̀, ó sì ti lo ọdún márùn-ún láàárín wọn. Mo ní, "Ìwọ sáà sè é." Àwọn ìbejì náà ni wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn. Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé náà, ilẹ̀ ti ṣú láti aago mẹ́rin, nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí wọlé pẹ̀lú àwo lọ́wọ́: ọmọ Sòmálíà, ọmọ Jàmáíkà, ọmọ òyìnbó kan tí kò jẹ epo pupa rí, tí ó ń béèrè ìdí tí ẹ̀wà fi pọ́n. Ìyá arúgbó kan láti òkè tẹ̀ lé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá, ó jókòó sórí àga tí ó sún mọ́ híítà, kò sì dìde títí di aago mẹ́sàn-án. Gíláàsì fèrèsé kún fún oruku mímí wọn débi pé a kò rí ìta mọ́.

N kò sọ pé àárẹ̀ náà lọ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Dókítà fún un ní ohun tí ó yẹ, ó sì tó ìgbà tí òdòdó oṣù kẹta yọ kí ó tó rẹ́rìn-ín bí tẹ́lẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó ní kí wọ́n yọ òun kúrò nínú iṣẹ́ alẹ́ láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, wọ́n sì gbà fún un.

Ọ̀sẹ̀ Ifá ń yí lọ́jọ́ márùn-márùn-ún, kò mọ ọjọ́ ìsinmi òyìnbó, nítorí náà ìwọ̀nba tí ó bá bọ́ sí ọjọ́ tí kò níṣẹ́ ni Ìyá Ìbejì ń lè wá. A máa ń kí Ifá ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, nínú òkùnkùn, ní ohùn ìsàlẹ̀ nítorí ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó wà láàárín èmi àti aládùúgbò mi. A kì í tan àtùpà elépo mọ́, aago èéfín tí wọ́n kàn mọ́ àjà kò jẹ́ kí a gbádùn rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ó dé kí n tó múra tán. Nígbà tí mo jáde láti yàrá, ó ti tẹ́ ẹní, ó ti bu omi, ó sì ti gbé ìgò epo sórí híítà, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ lè yọ́.